Gaàrí Tí Mo Dà Sínú Àpótí Ẹ́ńjìnnì

Agboolé Olóólà,
Ìlerò.

Misturat ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òógùn ojú. Ṣé o ń jẹun, àbí irin nìkan lo ń rí bá jà ní Èkó? Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ tayọ̀tayọ̀. Àwa náà wà láàyè, bàbá rẹ pàápàá wà láàyè, ìyẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí obìnrin tó máa ń sọ pé owó mi ti tán wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ wa, mi ò sì mọ ilé tí yóò gbé e dé.

O rántí àpótí irin tí o ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé fún Jẹ́ẹ́dé wẹ́dà tó ń jó irin, pé kí a so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ kí ẹ́ńjìnnì lè jókòó lé e, nítorí ìdí ọkọ̀ ń rì látìgbà tí wọ́n ti ra ẹ́ńjìnnì. O ní òfìfo ni kí inú rẹ̀ wà, pé afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ẹrù náà. Jẹ́ẹ́dé ṣe é bí o ṣe yà á, pẹ̀lú ihò kékeré tó ní ìdérí. Ọmọ mi, òdìkejì odò ni Ìyá Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ń gbé, ọkọ ni wọ́n sì jẹ́ sí mi. Ṣé kí n jẹ́ kí àpótí ńlá yẹn lọ sílé wọn lófìfo? Wọ́n á ní ahun ni ìyàwó àwọn. Mo bá fi ife bu ogún kóńgò gaàrí sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì dé e le, kí ọwọ́ àgbàlagbà lè ṣí i.

Bàbá rẹ dé àárín odò, omi gba ẹnu ihò wọlé, gaàrí wú, ìdí ọkọ̀ bá rì. O mọ̀ pé wọn ò mọ̀wẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ṣùkúrù apẹja tó fi okùn fà wọ́n dé èbúté, tọkọ̀ tẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ ló fẹ́ pa àwọn, pé ta ló ní kí àwọn jẹ́ kí ọmọbìnrin lọ kọ́ ìwé irin, pé ohunkóhun tí o bá yà kò gbọdọ̀ kan omi mọ́. Èmi tí mo mọ ohun tí mo ṣe, mo panu mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ránṣẹ́ sí Jẹ́ẹ́dé pé kó wá gé àpótí náà, kó fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n tọmọ mi ló fẹ́ bá mi dákẹ́ yìí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní abájọ tí ẹja fi ń tẹ̀ lé àwọn. Ara tù mí, Misturat, mo sunkún. Jẹ́ẹ́dé ti fọ àpótí náà, ó ti dé e pa. Ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi báyìí, bàbá rẹ ti fi kó ọgọ́ta iṣu kọjá, omi ò ta sí wọn lẹ́sẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó iṣẹ́ Jẹ́ẹ́dé ránṣẹ́, àti owó ọ̀dà. Èèyàn ni kí o fi rán, má fi sí báǹkì, mo ti wọ ibẹ̀ rí, wọn kì í ya owó ẹnì kan sọ́tọ̀. Bàbá rẹ ló ní kí n béèrè owó ọ̀dà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sára àpótí náà, kí ẹni tó bá rí i lójú odò má baà rò pé ọkùnrin ló ṣe é.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní rì, ìwọ náà kò ní rì, àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Àdìjátù.