Agbo Eérú Tí Ọkọ Kò Sí Nínú Rẹ̀

Séraphin ọmọ mi,

Mo kí ọ tọ̀túntòsì. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé Kùtọ̀nú kò bá ọ jà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó bá ọ jà, nítorí èmi ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ bá ọ jà. Inú ń bí mi. Mo ti gbàdúrà sí i ní ìjọ, mo ti mu omi tútù lé e, kò lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ bí mo ṣe ń bú ọmọ tí mo bí.

Àgbàdo ti gbó lóko, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òjò sì ti ba ọ̀nà Tákọ̀n jẹ́ débi pé ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Prisca aya rẹ nìkan ni ara rẹ̀ kò dá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, bàtà tí o rà fún un kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Sabine, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn wa, sọ pé kò gbọdọ̀ bímọ sílé, kò sì gbọdọ̀ bí i lọ́dọ̀ òun, pé bí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kí á gbé e lọ sí Pobẹ̀ tààrà, ibẹ̀ ni dókítà wà. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n o mọ ilé wa. Aya ilé kì í lọ sí ilé ìwòsàn òkèèrè láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ sọ pé ó yá. Mo pè ọ́, o kò gbé e. Prisca pè ọ́, o ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, pé wàá pè é padà. A ṣì ń retí ìpè náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí. Sabine pe gbogbo abúlé sí iwájú ilé ìwòsàn, ó ní òun fẹ́ fi àwòrán ṣètò bí a ó ṣe máa tọ́jú àwọn aláboyún. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ ya wá ní fọ́tò ni, mo wọ aṣọ ìjáde mi, mo wé gèlè. Àṣé eérú ló bù sínú igbá! Ó ní kí Prisca jókòó sórí àpótí láàárín, ó fi eérú fa ìlà róbótó yí i ká, ó fa òmíràn yí ìyẹn ká, ó tún fa méjì mìíràn, ìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà. Mo figbe ta. Mo ní ṣé ìjàlọ ló ń bọ̀ ni, àbí kí ni aya ọmọ mi ṣe tí ẹ fi ń da eérú yí i ká? Sabine ní kí n fara balẹ̀. Ó ní aláboyún ló wà láàárín, agbo tó sún mọ́ ọn jù ni ti ọkọ, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ará ilé, lẹ́yìn náà ni ti abúlé, ti ìjọba ló wà lẹ́yìn pátápátá. Mo ní ìyẹn, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ó ní kí oníkálukú bọ́ sínú agbo tirẹ̀, kó sọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Mo bọ́ sí ti ará ilé, mo ní èmi ni n ó di ẹrù. Baálẹ̀ bọ́ sí ti abúlé, ó ní òun yóò kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n dí kòtò ojú ọ̀nà. Ó wá kan agbo ọkọ. Ó ṣófo. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Séraphin, ojú tì mí, mo wá ibi tí n ó gbà wọlẹ̀, n kò rí i.

Àfi bí Fortuné, ọmọ Ìta-Ìjẹ̀bú tó ń fi alùpùpù zémidjan kó èrò, ṣe bọ́ sínú agbo ọkọ! Àpọ́n, tí kò tíì rí tirẹ̀ fẹ́, ló lọ dúró ti aya ọmọ mi lójú gbogbo ayé! Mo tú gèlè mi, mo fi nà án jáde. Mo ní kó lọ san owó orí tirẹ̀ nílé onílé. Ó ń sá, ó ń pariwo pé Ìyá Séraphin, alùpùpù ni mo fẹ́ fi gbé wọn, n kò bá yín du ìyàwó. N kò gbọ́. Mo ní kí wọ́n lọ mú fìlà rẹ wá láti ilé, èyí tí o dé nígbà ìgbéyàwó, mo gbé e sínú agbo, mo ní ọkọ dé nìyẹn. Sabine wo fìlà, ó wò mí, ó ní Ìyá, bí inú bá ń run Prisca, ṣé fìlà yìí ni yóò sọ pé ó yá? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí adìẹ fi tú ká. Mo bú Sabine, mo bú eérú rẹ̀, mo mú fìlà, mo fa Prisca lọ́wọ́, ó di ilé.

Mo ń bú wọn lọ nílé ni Prisca bá ní Màmá, ẹ̀ bá ti jẹ́ kí Fortuné dúró síbẹ̀. Mo ní kí lo wí? Ó ní òun kò wá ọkọ mìíràn, ẹni tí yóò sọ pé ó yá lòun ń wá, kí òun má baà kú síbi tí a ti ń retí fóònù. Kò sunkún o. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá bú òun náà. Ìbínú mi wá kúrò lórí gbogbo ará abúlé, ó kó jọ sórí ìwọ nìkan, ibẹ̀ ló sì wà títí di ìsinsìnyí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo tún gèlè wé, mo dé fìlà rẹ lé e, mo padà lọ bá wọn, mo bọ́ sínú agbo ọkọ. Mo ní èmi ni ọkọ. Mo ní bí inú bá ti run ún, èmi ni n ó sọ pé ó yá, n kò ní retí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ Fortuné pé kó wá fi alùpùpù rẹ̀ gbé wa lọ́jọ́ náà. Ó dúró lókèèrè, ó ń wo gèlè mi, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n agbo abúlé ni òun yóò dúró sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, fi owó epo alùpùpù ránṣẹ́, àti ti aṣọ ọmọ, àti ti ọṣẹ. Má fi sínú fóònù mi mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá, àwọn ará Kùtọ̀nú ti yọ ọ́ lọ́nà. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Sakẹ́tẹ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọmọ tó ń bọ̀ yìí yóò bá ìyá rẹ̀ láyé, yóò sì bá baba rẹ̀ nílé. Àmín.

Sabine ti ya agbo náà sórí páálí, ó kọ́ ọ sára ògiri ilé ìwòsàn. Ó bi mí orúkọ tí òun yóò kọ sí ipò ọkọ, mo ní kó kọ tèmi. Bí ó bá dùn ọ́, wá pa á rẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Edwige