Fíìmù Nọ́ọ̀sì Tí Bàbá Ṣe Àmín Sí

Iloffa,
1986.

Ẹ̀gbọ́n mi Japhet,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Ara Bàbá ti le. Ẹsẹ̀ Màmá ṣì ń dùn wọ́n díẹ̀.

A ti wo fíìmù méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìjà ti pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀sì abúlé dùn gan-an. Bí aboyún inú rẹ̀ ṣe ń rọbí, Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà fún un.

Bàbá ní, "Ìyá Japhet, eré ni o!"

Màmá ní, "Ẹ ṣáà máa ṣe àmín."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbẹ̀bí tán, Bàbá ṣe àmín sókè. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí?" Bàbá tó ní iṣẹ́ aṣọ rírán ni kí n lọ kọ́!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Bàbá nípa ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ lọ. Ẹ má sọ pé mo bẹ̀ yín. Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ yín. Bí Bàbá bá pè mí láti sọ ọ́, n ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Àbúrò yín,
Damaris