Ohùn Ìyá Mi Lórí Àga Àlejò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìdí ààrò gàrí, ẹ kú èéfín. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi. Mo kí Bàbá Tíṣà, tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má bínú pé mi ò fi sínú àpòòwé bí mo ti máa ń ṣe. Níwájú àwọn èèyàn ni mo ti ṣẹ̀ yín, níwájú àwọn èèyàn náà ni mo fẹ́ ti jẹ́wọ́.

Ara mi le. Òtútù ilẹ̀ Póláńdì yìí kò ṣeé fẹnu sọ, omi inú garawa máa ń dì gbagidi kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fún wa kò tó nǹkan, àmọ́ ebi kò pa mí. Àárò ilé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ fún Kérésìmesì, tí gbogbo èèyàn lọ sílé wọn. Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan, Màmá Hánà, ló ní kí n wá bá àwọn ṣọdún lábúlé.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọn kì í jẹun títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi yọ. Wọ́n máa ń gbé àga kan àti àwo kan tí kò ní ẹni tó ni ín sídìí tábìlì, nítorí àlejò tó bá ṣàdéédé kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á wá bu búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan fún ara wọn, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ti ń ṣe fún wa láàárọ̀ ọdún tuntun. Omi bọ́ lójú mi.

Màmá Hánà mọ̀ pé ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Ó gbé rédíò sórí àga àlejò, ó ní ẹ̀yin ni àlejò àwọn. Ni ohùn yín bá jáde, tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn yín. Ẹ ní gàrí lẹ ń dín, ẹ ò ní ẹ̀bùn tí ẹ lè fi ránṣẹ́, àmọ́ ẹ ti ya ogún ebè iṣu sọ́tọ̀ lóko wa lọ́nà Okeluse, lórúkọ ẹni tó gba ọmọ yín sílé. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fara dà á bí mo bá ń ta wọ́n nípàá lójú oorun.

Gbogbo wọn kọjú sí mi pé kí lẹ wí. Ìyá mi, mo tijú yín. Mo ní ọ̀gá ilé-ìwé ni yín, pé ilé wa jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò dárúkọ gàrí, mi ò dárúkọ iṣu.

Wàrà màlúù ni Màmá Hánà ń fún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sán bíi tiyín. Bí mo ti sọ̀rọ̀ tán, ó rọra kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, pé oúnjẹ àwọn kò yẹ irú yín. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ó sì ní kí n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí i.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn ní Imoru. Bí mo bá pa irọ́ kejì, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ọwọ́ yẹn ni mò ń rí ṣáá.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ Àìkú, mo sì jẹ́wọ́. Ó gbé rédíò sórí tábìlì, ó ní kí n túmọ̀ ohùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi ogún ebè, ó bi mí pé ta ni yóò bá yín ro ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì. Ó pa ohùn tirẹ̀ ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó gba òmíràn sílẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lọ́nà sọ́dọ̀ yín: ó ní àgbẹ̀ ẹgbẹ́ yín ló ń kí yín, àti pé lóòótọ́ ni mò ń tapá.

Òun ti dárí jì mí. Ó ku ẹ̀yin. Bí inú yín bá ti rọ̀, ẹ tún bá wa sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ dárúkọ iṣẹ́ yín sókè dáadáa, n ó túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ ti sọ ọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, iná ààrò ò ní jó yín lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ ilé wa.

Èmi ni Fọlákẹ́, ọmọ ìyá onígàrí ní Imoru,
ọmọ yín.