Bàbá Ti Ha Ògiri Sílẹ̀ Dè Yín

Bọ̀dá mi Ayọ̀dèjì,

Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù ìlú Lyon. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà ní Ìbarà. Orúnkún Màámi ti ń fúyẹ́. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ẹ ti fiṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀, tí ẹ ń fi táìlì kéékèèké to àwọn ẹ̀dá inú géèmù ìgbà èwe wa sára ògiri ìgboro, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n rí fọ́tò iṣẹ́ yín lórí fóònù mi. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ti tò ó sí ìlú mẹ́sàn-án."

"Kí wá ni Abẹ́òkúta ṣe fún un?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àkàbà, wọ́n ha ọ̀dà ara ògiri iwájú ilé kúrò fúnra wọn. Wọ́n ní, "Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Kó wá to tiwa."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀. Olúwa yóò ṣíwájú yín, yóò sì kẹ́yìn yín. Ọ̀gá akunlé fẹ́ kun ibẹ̀ lánàá, Bàbá lé e.

Àbúrò yín,
Hephzibah