Ẹṣin Ti Bọ́ Bàtà

Bàbá Bushrah, ẹ káàbọ̀ o. Mo ti lọ wo ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Alágbẹ̀dẹ wá láàárọ̀, ó yọ bàtà irin ẹsẹ̀ ẹṣin yín, torí ìṣó ti la pátákò rẹ̀. Èmi ni mo bá a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Gbogbo ẹ̀yìn ló ń ro mí. Ó ní kó máa fẹsẹ̀ lásán rìn lórí iyẹ̀pẹ̀ títí pátákò tuntun yóò fi hù, kó má dé orí títì rárá.

Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gùn ún lọ sí Yídì tí Iléyá bá dé. Ẹ má wulẹ̀ wá bàtà náà kiri, ó wà nínú báàgì mi. Ẹ fẹsẹ̀ rìn bíi tàwa yòókù. Ọlọ́run ò ní bi yín pé ẹṣin dà.

Ìyá Bushrah