Tábìlì Bàbá Mi Tí A Lù Ní Gbàǹjo

Sátidé, 13 Oṣù Kẹwàá, 1984

A lu tábìlì ìkọ̀wé bàbá mi ní gbàǹjo n'Íjẹ̀bú-Òde lónìí. Kí àwọn olùrà lè du ú, mo ní orí rẹ̀ ni ọba àtijọ́ àti òyìnbó ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Irọ́ ni.

Olùkọ́ yunifásítì tó rà á ní kí n kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣé, Màmá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá lọ sí Ayépé ìlú yín, kí n bi àwọn àgbà sí i."

Káfíńtà tó kan tábìlì náà ṣì wà láàyè l'Áyépé!

Mo sáré lọ bẹ Baba káfíńtà náà nírọ̀lẹ́ pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní:

"Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Mo gbẹ́ orúkọ mi sábẹ́ tábìlì náà."

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé, bí ọkọ̀ kan bá dúró níta, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé wò bóyá olùkọ́ yẹn ni.