Opó Tí Mò Ń Fọhùn Fún Nínú Géèmù

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú àdúrà orí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsọlọ̀ níbí. Mo kí Bàbá lórí àga wọn níwájú ilé. Mo kí Àǹtí Ọlá, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bá wa tọ́jú yín ní Ìkọ̀lé. Mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí, nítorí ojú yín tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Ẹ má fo ibì kankan, kódà bí ẹ bá dé ibi tí mo ti dárúkọ Bọ̀ọ̀dá Délé.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Ara mi le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi sì ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ ládùúgbò wa. Láàárọ̀, bàtà mi máa ń wà lọ́wọ́ mi títí mo fi máa dé ibi tí Márúwá ti ń gbé èrò. Iṣẹ́ tíṣà ṣì ni mò ń ṣe. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ọ nílé, ẹ̀rín tí wọ́n ń fi mí rín kò sì kéré tí ohùn Èkìtì bá yọ lẹ́nu mi. Ọ̀sán Sátidé ló máa ń le jù fún mi. Tí mo bá fọṣọ tán, kò sẹ́ni tí màá bá sọ̀rọ̀. Ìdílé mẹ́jọ la jọ ń gbé inú ilé kan, síbẹ̀ “ẹ kú iṣẹ́” àti “iná ti dé” ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Yẹmí rí mi. Ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá mú un, wọ́n gbọ́ mi níbi tí mo ti ń kàwé sókè fún àwọn ọmọ. Wọ́n dúró dè mí lẹ́nu géètì, wọ́n ní ohùn mi dà bí ohùn ẹni tó ti sunkún rí, tó sì ti nu ojú rẹ̀ nù. Mo rò pé wọ́n ń bú mi ni. Wọ́n ní rárá, ohùn tí àwọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àwọn àti àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún kan ló ń ṣe géèmù ní ilé òkè kan ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀ níbí, wọ́n sì fẹ́ kí n wá fọhùn fún ẹnì kan nínú rẹ̀.

Ìyá mi, mo mọ ojú tí ẹ fi ń wo géèmù. Ẹ máa ń ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ Àǹtí Ọlá ń tẹ̀ lórí fóònù. Odindi ìlú ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, tòun ti ọjà, odò, oko, àti títì tó la igbó kọjá. Ibi tó bá wu ẹni tó ń gbá a ló lè lọ. Kò sẹ́ni tó máa ní kó gba ibí tàbí kó gba ọ̀hún. Bó bá wù ú, kó jókòó sábẹ́ àtíbàbà látàárọ̀ dalẹ́, kó máa gbọ́ òjò lórí páànù. Òjò Ìsọlọ̀ gan-an sì ni òjò náà. Àwọn ọmọ yìí dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ọ̀rá wé, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò tíì gbé e jáde, wọn ò sì tíì jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ níta. Díẹ̀ tí wọ́n fi hàn lórí ayélujára, àwọn èèyàn láti ilẹ̀ tí mi ò mọ̀ ń kọ̀wé pé ọjọ́ wo ló ń jáde. Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di páàdì tí wọ́n fi ń gbá a mú tẹ́lẹ̀, mo ti ń ka oṣù bí aboyún.

Yàrá méjì ni gbogbo ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri ọ̀kan kí ariwo má baà wọlé. Tá a bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, a ó pa fáànù, gbogbo wa á máa làágùn. Bí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé bá sì bẹ̀rẹ̀ orin, a ó jókòó dè wọ́n títí wọ́n á fi ṣe “Àmín”. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ya ọwọ́ bàbá arúgbó kan. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó ní ọwọ́ àgbẹ̀ kì í rí báyìí. Mo wò wọ́n títí, orí mi wú. Mi ò tíì rí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àfi ẹ̀yin tí ẹ bá ń hun aṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù náà ni pé ó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè tó le. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń gbá a á di obìnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere pín lẹ́tà káàkiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò pọ̀, ó rí àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣí omi adágún ẹja rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà kún jù. Omi náà ya wọ ìsàlẹ̀, ó gbá gbogbo oko opó kan lọ. Kò sẹ́lòmíì tó rí i. Opó náà wá ń ti ilé dé ilé, ó ń bèèrè pé ta ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko òun. Obìnrin yìí lè sọ, ó sì lè dákẹ́. Èyí tó bá ṣe nínú méjèèjì, kò sí máàkì, kò sí pé ẹ kú oríire. Méjì nínú àwọn ọmọ náà bẹ Àǹtí Yẹmí pé kí wọ́n jẹ́ káwọn fi máàkì sí i, kí ẹni tó ń gbá a lè mọ̀ bóyá òun ṣe dáadáa. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń fún èèyàn ní máàkì láyé? Wọ́n ní ìlú náà á kàn máa rántí ohun tó ṣe ni.

Èmi ni mò ń fọhùn fún opó yẹn.

Nígbà tá a gba ohùn mi sílẹ̀ tán, wọ́n ní kí n jókòó, kí n gbá a wò. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dákẹ́. Àbúrò ẹni ni àbúrò ẹni, oko inú kọ̀ǹpútà sì ni. Mo rò pé opó náà máa ṣépè, tàbí kó kú. Kò ṣe èyíkéyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, á jáde, á bu omi fún mi, á tún bèèrè. Lọ́jọ́ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn yòókù ti ń tìlẹ̀kùn bí wọ́n bá ti rí òun lókèèrè, èmi nìkan ló ṣì ń dúró gbọ́ tòun. Ó ní lọ́jọ́ tí èmi náà bá ń wá ẹlẹ́rìí, Ọlọ́run máa fún mi.

Ìyá mi, ohùn mi ló fi sọ ọ́. Mo gbé páàdì sílẹ̀, mo jáde lọ dúró lórí bálíkónì. Àǹtí Yẹmí tẹ̀ lé mi pẹ̀lú omi nínú kọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Èkó.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, kó lè yé ẹni tó bá ń kà á. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò yín kan ṣoṣo, ló ń fi alùpùpù gbé mi lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó fi alùpùpù náà gbá Bọ́sẹ̀, ọmọ ìyá tó ń yan gàrí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán. Bọ̀ọ̀dá sá lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i, níbi tí ẹ ti ń ti oko bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ró ìró mọ́ra, ẹ lọ bá ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ní àbúrò yín ni. Ọlọ́pàá mú un. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Gbogbo ẹbí ní ẹ sáré lọ ta ọmọ ìyá yín. Màmá àgbà tó bí ẹ̀yin méjèèjì kò fẹnu kan oúnjẹ yín mọ́ títí wọ́n fi papò dà. Kérésìmesì dé, ẹnì kankan ò yà sílé wa. Èmi náà bá wọn dá yín lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní Èkó, ẹ sìn mí dé gáréèjì, mo wọkọ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ gba ara yín sílẹ̀ lẹ́nu wa.

Àǹtí Yẹmí bi mí pé ṣé Bọ̀ọ̀dá náà wà láàyè. Mo ní ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Èjìgbò. Wọ́n ní ṣé Èjìgbò ibí yìí? Ojú tì mí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà ní Ìsọlọ̀, mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Mo lọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí títí, ó ní Tóyìn, ṣé ìyá rẹ kú ni? Mo ní rárá o, ara yín le. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí báǹṣì bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti géèmù fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nínú ìlú yẹn, kóun wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dákẹ́ fún opó yẹn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́, ó nù ún títí.

Ó wá ní ṣé mo mọ̀ pé ẹ kọ́kọ́ wá bá òun? Mo ní níbo? Ó ní lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ wọ yàrá òun, ẹ ní ẹ rí òun. Ó ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n òun, ẹ kúnlẹ̀ fún òun. Ẹ bẹ òun pé kóun fẹsẹ̀ ara òun lọ bá ìyá Bọ́sẹ̀, pé ẹ máa tẹ̀ lé òun, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣíwájú wọlé. Ó ní lọ́la. Ẹ tún wá lọ́jọ́ kejì, ó ní lọ́la. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ní, “Délé, mò ń lọ o. Tí o bá bá mi lọ, màá ní ìwọ lo pè mí wá.” Ó kọjú sí ògiri. Ìgbà yẹn lẹ tó lọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí Màmá àgbà gbọ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún òun tóun kọ̀. Ẹ gbà. Ẹ sì pa á mọ́, títí tí Màmá àgbà fi kú, títí dòní.

Ìyá mi, irú èèyàn wo ni yín? Ohun tó jẹ́ ti ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un. Ohun tó jẹ́ tiyín nìkan, tí ì bá gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé, ẹ gbé e mì.

Bọ̀ọ̀dá ló ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí máa ti kà á. Ó ní nígbà tí wọ́n ń pè yín ní ọ̀dàlẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n ti ń pè yín, òtítọ́ náà kò gbọdọ̀ gba kọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé báyìí nìyẹn.

Mo padà sí Ire-Akari ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo tún géèmù náà gbá, mo sọ òtítọ́. Àbúrò bínú lọ, ilé ṣófo, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi. Opó náà kàn ní kí n bá òun wá irúgbìn ni. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Àǹtí Yẹmí pé ọ̀nà kan kù tí wọn ò là síbẹ̀: kí ẹni tó rí i kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi níyẹn? Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ báyìí, kódà wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa jáde síwájú nítorí rẹ̀. Wọn ò ní dárúkọ yín, wọ́n sì ní kí n gbàyè lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí ọjọ́ yẹn fi máa dé. Mo fẹ́ mọ iye ẹni tó máa dé ẹnu ọ̀nà àbúrò yẹn, láti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ orúkọ Ìkọ̀lé rí, tí wọ́n á fi orúnkún wọn kanlẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Délé ń bọ̀ nílé lọ́dún Àjíǹde. Ó ní òun ò ní ya ọ̀dọ̀ yín kóun tó ya ilé ìyá Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ ti di abiyamọ, ó ṣì ń tiro díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ ní kó sọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni màá bá a lọ. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì máa gòkè wá bá yín. Tó bá ti bẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ tán, èmi náà ní tèmi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká bá yín láyọ̀. Kó bá mi dá yín sí, kó fún Bàbá ní okun, kó jẹ́ kí Àǹtí Ọlá jèrè ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí pásítọ̀, ẹ kí àwọn tó yà sọ́dọ̀ wa àti àwọn tí kò yà. Ẹ sì bá mi kí ìyá Bọ́sẹ̀.

Èmi ni Tóyìn, ọmọ yín.